Ohùn Ìyá Ọkọ Mi

Èmi àti ìyá ọkọ mi ò rẹ́ rí, n ò ní í purọ́ fún yín. Ẹnu obìnrin náà mú bí abẹ. Títí dórí bí mo ṣe ń sá aṣọ, kò sí èyí tí kì í rí wí sí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlù ú, tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ilé wa pa rọ́rọ́. Mo ní kó máa bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bú mi bó bá wù yín.

Àmọ́ àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin, kò gbọ́ ohùn ìyá bàbá rẹ̀ rí, ohun tó sì ń dun Màmá jù nìyẹn. Òṣèré ni wọ́n nígbà èwe. Fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, níbi tí wọ́n ti ń wá ọkọ wọn láàárín òkú ogun. Ọkọ mi ní tí ìyá òun bá ti ké pé, "Ọkọ mi dà?", gbogbo èrò sinimá ló ń sunkún. Màmá a máa tọ́ka sí fọ́tò ara wọn nínú fíìmù náà, tó wà lára ògiri, wọn a sì tọ́ka sí etí ọmọ náà. Ó yé wa.

Ọkọ mi wá ẹ̀dà fíìmù náà títí ó fi rí i nílé sinimá àtijọ́ kan. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbó o. Ó ti súnkì, ohùn inú rẹ̀ ń fì."

"Ẹ ṣáà bá wa gbé e sí i."

A gbé Màmá jókòó síwájú nílé sinimá náà, àwọn aládùúgbò kún ẹ̀yìn wa. Háà! Ìlà funfun ń já bọ́ bí òjò lójú fíìmù. Ibi tí òkú wà ti ṣú pátápátá, ọwọ́ obìnrin tó ń táràrà nílẹ̀ nìkan la rí. Ìgbà tó wá ké, ohùn náà ròkè níbi tí kò yẹ kó ròkè: "Ọkọ́ mi dà?"

"Yéè! Màmá sọ ọkọ́ nù sóko!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ni gbogbo ilé bá wó fún ẹ̀rín.

Màmá la ẹnu láti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Itọ́ ló jáde, pẹ̀lú ìró kan báyìí.

"Ẹ wò wọ́n, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín!" Aládùúgbò wa kan ló wí bẹ́ẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ́ gbá a létí. Èmi tí mi ò fẹ́ràn obìnrin náà! Ọkọ mi ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Wọ́n tún un gbé sí i, ọkọ́ náà ló tún wí.

Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orúkọ ti lé Màmá dé àdúgbò: Ìyá Ọkọ́. Bí mo bá pè wọ́n ní ìyá ọkọ mi, àwọn aládùúgbò á ní, "Ọkọ́ ńkọ́?" wọ́n á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ fún ẹ̀rín.

Nílé, Màmá sunkún, omi ń dà lójú wọn láìsí ìró. Àbígbẹ̀yìn mi sá lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wọ́ ọkọ́ bàbá rẹ̀ wọlé tiyẹ̀pẹ̀-tiyẹ̀pẹ̀, ó gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Mo ti bá yín rí i."

Ó wá dúró síwájú wọn, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń retí kí Màmá kí òun pé o ṣé.