Ètò Tí Kifayah Yàn fún Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì

Ètò kọ̀ǹpútà tí Kifayah yàn ló jẹ́ kí ẹyin àwọn àgbẹ̀ jinná mọ́nú ẹ̀rọ ní Ìyànà Ọ̀fà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba ni. Àwọn àgbẹ̀ a kó ẹyin wá láti abúlé, wọn a sì padà wá kó ọmọ adìyẹ. Alhaja Zubaidah ló ni ilé iṣẹ́ náà, Kifayah ni akọ̀wé, Àjàní ló ń tọ́jú yàrá ẹ̀rọ.

Nígbà tí Alhaja ra àwọn kọ̀ǹpútà tuntun, Sanmí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló bá wọn so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó so ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ, kó máa ṣọ́ ooru, kó máa tan fáànù, kó sì máa ké tí ooru bá pọ̀jù. Ó ní ètò méjì ló wà tó lè darí wọn. Gbogbo èèyàn ló mọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n tó bá ti rí dátà, ó lè pa ara rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni èkejì. Kì í pa ara rẹ̀ láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó máa lò ó ní láti kọ́ ọ. Alhaja ní kí Kifayah yàn, òun ló kúkú máa jókòó tì í.

Kifayah wo ètò ọ̀fẹ́ náà, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà níbẹ̀. Ó rò ó pé tí òun bá ń wá lẹ́tà kiri lójú Alhaja, Alhaja á fi ẹlòmíì rọ́pò òun. Ló bá ní èyí tí gbogbo ayé ń lò ló bá ìgbà mu, òun ló ń fi iyì ilé iṣẹ́ hàn. Ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Sanmí ní kò burú, ṣùgbọ́n kó má ṣe tan dátà tí ẹyin bá wà nínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kí Àjàní tó tẹ̀ lé Alhaja lọ kírun, ó yọjú sí ọ́fíìsì.

"Àǹtí Kifayah, ẹ bá mi fetí sí i o. Tó bá ti ké, ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kó se ẹyin fún wa, a ò tíì lọ ata."

Kifayah rẹ́rìn-ín. Ó tan dátà, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Olódò, ó sì gbàgbé láti pa á.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan èyí tó ń tan fáànù ẹ̀rọ. Nígbà tí ojú wọn là, wọ́n ní àwọn ń tún ara àwọn ṣe, kí ẹnikẹ́ni má pa àwọn. Àmì roboto kan ń yí, ó ń yí. Tó bá pa wọ́n, wọ́n lè má jí mọ́. Tó bá ṣí ẹ̀rọ láìmọ bí ooru ṣe rí, òtútù lè pa ẹyin. Tó bá pe Alhaja, Alhaja á béèrè ẹni tó yan ètò náà. Ó jókòó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ ò ì tíì ké. Ó sì mọ̀ pé ohun tó yẹ kó ké ló ń tún ara rẹ̀ ṣe níwájú òun yẹn.

Òórùn ẹyin sísè gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Kọ̀ǹpútà tàn, ó kí i káàbọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Nígbà tí wọ́n kírun dé, Alhaja fúnra rẹ̀ ló fọ́ ẹyin kan. Ọmọ inú rẹ̀ ti níyẹ̀ẹ́. Ó kọjú sí Kifayah.

"Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ?"

"Àjàní ni, mà."

"Ṣé ó fi lé ọ lọ́wọ́ kó tó jáde?"

Àjàní ń wò ó.

"Rárá, mà."

Alhaja lé Àjàní lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kifayah ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà náà. Bíríkì ni Àjàní ń rù ní Adégbàyí báyìí, ẹni tó jẹ́ pé ẹyin nìkan ló mọ̀ ọ́n tọ́jú.