Ibojì Tí Ìyá Mi Ń Tọ́jú

Ìyá mi kò béèrè ohun púpọ̀ kó tó kú. Ó ní kí n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà tó há fún òun.

Ibi tí bàbá mi wà kò ṣòro fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ síbẹ̀. A ó fa koríko tu, a ó fi omi ọṣẹ fọ òkúta, yóò sì jókòó, yóò máa ròyìn ilé fún un bí ẹni pé ìrìn àjò ló lọ. Àmì ọwọ́ ọmọdé kan wà lára sìmẹ́ǹtì ibojì náà. Ìka tó kéré jù kò pé.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìsìnkú, ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ti ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tó dàgbà jù mí lọ fi agbòòrùn tilẹ̀ wá bá wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń gbẹ́lẹ̀ fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa?"

"Ìyá mi ni, mà. Bàbá mi ló wà níbí."

"Bàbá yín kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn olórúkọ yìí mà pọ̀ o. Àlùfáà tó ṣèrìbọmi fáwọn bàbá wa, àfi bí ẹni pé orúkọ tiẹ̀ nìkan ló mọ̀ láyé."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé àmì náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìka kékeré rẹ̀ gé síbi tí ti ara sìmẹ́ǹtì gé sí.

"Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì yìí ni mo ṣubú lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n má pa á rẹ́."

Ọkùnrin mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ náà ni onígbáméjì pa lọ́dún kan, ìjọ sì gbé irú òkúta kan náà lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lórí, orúkọ nìkan lára rẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi nígbà náà, kò lè lọ síbi ìsìnkú. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ló wá nawọ́ sí ọ̀kan fún un lẹ́yìn náà.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mo ń bá a ní mímọ́ tónítóní," obìnrin náà ní. "A rò pé ìjọ ló ń tọ́jú ẹ̀."

"Ìyá mi ni, mà."

"Ọlọ́run á san án fún wọn."

"Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbí. Ibi tí wọ́n mọ̀ nìyí."

"Àbúrò mi, ìyá wa ṣì wà láyé. Àyè wọn nìyẹn. Àwọn gan-an ló rán mi wá wò ó. Bí mo bá délé tí mo ní mo ti fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, wọ́n á nà mí, àgbà tí mo dà yìí."

Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ wò mí. Mo mi orí, ó sì da erùpẹ̀ padà.

Olórúkọ kejì ní àwọn ọmọ tí ń kun òkúta rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ku ẹnì kẹta, lẹ́bàá ọgbà, nínú igbó. Bí a bá ń kọjá níbẹ̀, ìyá mi a máa ní, "Ó mà ṣe o. Ẹni yìí ò lẹ́nìkan." A ó sì máa lọ.

Obìnrin náà bá mi fa igbó ọ̀hún.

"Ó dá yín lójú pé àwọn ni?"

"Kò dá mi lójú tán, mà."

Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ dé. "Ọ̀tún wọn ni kí n gbẹ́ àbí òsì?"

N kò mọ̀. N kò bi ìyá mi rí, apá ibo ló ń sùn sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé.

"Ọ̀tún," ni mo wí. "Ṣáà gbẹ́ ẹ súnmọ́ wọn."