Olè Ajọ́mọgbé Tí Wọ́n Fi Lẹ́tà Òyìnbó Kọ

Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa àti ti Narasayya, tó ń kiri sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin wa ń wé mọ́ra, láti abúlé dé abúlé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó di àpò aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó kọjá odò lọ.

Vasundhara ìyàwó rẹ̀, ìyá Sindhu, jáde lọ ra wàrà. Oníwàrà kò dá a lóhùn nígbà tó kí i káàárọ̀. Obìnrin kan rí i, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi etí sárì bo ọmọ náà lójú. Vasundhara rántí pé wọ́n ń pín àwòrán àwọn ajọ́mọgbé kiri lórí fóònù.

Ó sáré wọlé, ó fi lẹ́tà Tẹ́lúgù, èdè wa, tí wọ́n kọ́ wa níléèwé tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ sórí fóònù. Kò rí nǹkan kan.

"Ọpẹ́ o," ló wí.

"Ọpẹ́ kí ni, ìyàwó?" Bhramara, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló dá a lóhùn. "Ta ló ń fi lẹ́tà wa kọ̀wé lórí fóònù mọ́? Èdè wa ni wọ́n ń sọ, lẹ́tà Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Gbé e wá."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń kọ Narasayya, àǹtí?"

"Bó bá ṣe wu kálukú ni."

Wọ́n kọ ọ́ báyìí, wọ́n tún un kọ lọ́nà mìíràn, òfo ni. Ni Bhramara bá fi orúkọ sílẹ̀, ó tẹ *pillala donga*, olè ajọ́mọgbé. Kò sí. Ó lẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan.

Àwòrán Narasayya yọ, tòun ti ọ̀kadà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ wa ló wà nínú àpò yẹn. Tó bá wọ abúlé yín, kò gbọdọ̀ jáde." Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni èsì ń wọlé sí i.

Vasundhara pe ọkọ rẹ̀ títí kó tó gbé e.

"Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì ni mo wà," ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Èrò pọ̀ lónìí! Wọ́n tilẹ̀ ń ya fọ́tò mi."

"Bàbá Sindhu, ẹ wọ bọ́ọ̀sì! Ẹ má wẹ̀yìn!"

"Ọ̀kadà ńkọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn!"

Ariwo sọ, fóònù kú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Narasayya dé, láìwọ bàtà, òkúta ti fa etí rẹ̀ ya. Wọ́n ti dáná sun ọ̀kadà àti aṣọ. Ọlọ́pàá ní àwọn ti yọ àwòrán náà kúrò.

Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni Bhramara ń wá àwòrán náà kiri lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó fi lẹ́tà kan kún ọ̀rọ̀ ajọ́mọgbé tó ń tẹ̀ náà, ó sì pariwo. Àwòrán mìíràn ni: Vasundhara ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ilé tiwa náà hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Narasayya àti àwọn ará ilé rẹ̀ kó lọ lọ́jọ́ náà. Àwa ṣì wà níbẹ̀. Oníwàrà kì í kí wa mọ́.