Ewé Ọsàn Lójú Ọ̀nà Tin Can

Ọjọ́ kejì rèé tí ọkọ̀ akẹ́rù tí Àdùfẹ́ háyà kò kúrò lójú kan. Tírélà wà níwájú, tírélà wà lẹ́yìn, gbogbo wọn ń retí kí géètì Tin Can ṣí. Igba ọmọ igi ọsàn ló kó sẹ́yìn ọkọ̀, èyí tó fi ọdún kan gbáko tọ́ nínú àpò ọ̀rá lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Snake Island, lódìkejì ọ̀sà, fẹ́ gbìn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn géètì náà ni èbúté tí wọn yóò ti sọdá wà.

Oṣù kìíní ọdún 1987 ni, ọyẹ́ sì mú gan-an. Nígbà tó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárọ̀, ewé ọsàn ti sorí kọ́, òmíràn ti ká bíi sìgá. Kẹ́ẹ̀gì omi kan péré ló kù, inú rẹ̀ náà ni òun àti dírẹ́bà ti ń mu.

Tonbra, dírẹ́bà náà, gbé korobá. "Màámi, ọ̀sà nìyẹn. Ẹ jẹ́ n pọn díẹ̀ wá."

"Oníyọ̀ ni. Omi tó kù nínú gbòǹgbò ni yóò fà jáde."

"Kí la wá fẹ́ ṣe? A ò lè lọ, a ò lè padà."

Àdùfẹ́ tún wo àwọn igi náà. Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ọkàn rẹ̀ ni kò gbà á. Ojú ihò tíntìntín tó wà lábẹ́ ewé ni omi ń gbà kúrò lára igi, bí atẹ́gùn bá sì gbẹ tó báyìí, gbòǹgbò kì í rí i rọ́pò. Bí ewé bá dín kù, omi tó ń lọ á dín kù. Ṣùgbọ́n ewé yẹn gan-an ni ẹni tó ń ra igi ń wò.

Ó mú àlùmọ́gàjí. Ó gé ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ó gé ti òkè sí ìlàjì.

"Màámi, wetin be dis? Ẹ ti bà á jẹ́."

"Wá bá mi gé e, Tonbra."

Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó parí. Wọ́n fi díẹ̀ nínú omi kẹ́ẹ̀gì rẹ àpò ìdọ̀họ, wọ́n fi bo ìdí igi, wọ́n sì fa tapólì lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́ ju kí wọ́n jókòó sábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n máa wo táyà ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹrin ni géètì ṣí. Anayo, tí ilé iṣẹ́ náà rán wá gba igi, ká tapólì sókè, ó wo àwọn igi náà.

"Mádàámú, igi ọsàn la ní kí ẹ kó wá. Ọ̀gá mi ò ní gba igi ìdáná."

Àdùfẹ́ ṣàlàyé títí, kò gbà. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà padà, wọ́n tún há síbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Nílé, ó tò wọ́n sábẹ́ ibòji, ó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Ó dẹ́kun wíwò wọn, omi lásán ló ń dà. Tonbra tó yà kí i lọ́jọ́ Sunday kan ló pè é.

"Màámi, ẹ wá wo èyí."

Ọ̀mùnú kékeré bíi hóró ìrẹsì ti yọ lára igi kan, ó yọ lára èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kú, ìyókù yè. Ilé iṣẹ́ Anayo ti gbin ti ẹlòmíràn nígbà náà. Ní àkókò òjò, Àdùfẹ́ tà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ará àdúgbò, Tonbra sì mú méjì lọ sílé.