Omi Gbígbóná fún Ìbọn Ọ̀ṣẹ́nì

Àkísà funfun ni Ìdíátù tì wọ ẹnu ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dúdú ló fà jáde.

Ó wò ó títí. Ó ya àkísà mìíràn, ó wé e mọ́ orí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì tún tì í wọlé dé ìsàlẹ̀. Èyí náà jáde bí ẹni tó jẹ èédú, pẹ̀lú òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn ẹ̀tù ni, ẹ̀tù tí kò tíì pẹ́ tó jó.

Jímọ̀ tó kọjá ló fọ ìbọn yìí gbẹ̀yìn. Omi gbígbóná ìkòkò mẹ́ta ló dà gba inú rẹ̀ títí omi fi ń jáde bíi ti òjò. Ó fi ìyẹ́ adìẹ nu ihò tí iná ń gbà wọlé, ó fi àdín pa á, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri. Kò sí bí inú ìbọn tó wà lára ògiri ṣe lè dúdú fúnra rẹ̀.



Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, lọ́dún 1926, ni gbogbo Pápá Àjàó péjọ síwájú baálẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́rú, ẹnì kan yìnbọn lu Fàsásì níbi tó ti ń kọ ẹyìn nínú igbó ẹ̀yìn Ládìpọ̀. Itan ni ọta ti bà á. Ọkùnrin méjì péré ló ń dẹ igbó yẹn: Múrítàlá, àti Ọ̀ṣẹ́nì ẹ̀gbọ́n Ìdíátù. Wọ́n gbé ìbọn Múrítàlá wá. Inú rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ọ̀bọ ni mo yìn ín sí, lóṣù tó kọjá," ni Múrítàlá wí. "Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìdíátù, tí gbogbo ọdẹ Múṣin ń gbé ìbọn wá fún láti ìgbà tí Ṣàíbù alágbẹ̀dẹ, bàbá rẹ̀, ti kú, kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ fún ọ, Múrí? Ọjọ́ tó bá dún ni kí o fọ̀ ọ́! Bí kò bá dún, kí o fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ìwọ a máa dúró dìgbà tí aláǹgbá bá bímọ sínú rẹ̀!"

Ẹ̀rín tún bú. Ẹ̀rín náà ló ti Múrítàlá mọ́ ògiri.

Nígbà tí baálẹ̀ ní kí Ọ̀ṣẹ́nì náà lọ gbé tirẹ̀ wá, Ọ̀ṣẹ́nì dìde, ó nawọ́ sí àbúrò rẹ̀.

"Kí la ń da ara wa láàmú sí, Baálẹ̀? Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ bi í."

"Láti Jímọ̀ tó kọjá, kò kúrò lára ògiri," ni Ìdíátù dáhùn.

Kò sẹ́ni tó tún bèèrè nǹkan kan. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣe rọ́pò ìbọn tó yẹ kí wọ́n gbé wá wò. Ọlọ́pàá méjì tó wà níbẹ̀ de ọwọ́ Múrítàlá, wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́ wọn ní Èbúté-Mẹ́ta.

Ṣé Ìdíátù rí i ni? Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti wà lọ́jà Oto, níbi tó ti lọ ra àdín. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló tó padà. Ọ̀ṣẹ́nì ló sọ fún un pé òun kò fọwọ́ kan ìbọn. Ó sì gbà á gbọ́, bí èèyàn ṣe ń gba ọmọ ìyá ẹni gbọ́.

Ó yíjú sí ààrò. Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ dé, ó bá omi tó ti ń hó lórí iná. Ẹnì kan ti gé àkísà sílẹ̀, ó ti gbé àdín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Inú rẹ̀ dùn nígbà náà; ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń dúpẹ́ ni. Ọ̀ṣẹ́nì, tí kò dáná rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i!

Òun ló wọlé yìí, tó ti kírun Jímọ̀ dé, tèsùbáà lọ́wọ́.

"Ìdí, o ò tíì parí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló yin ìbọn yìí?"

Ó wo àkísà náà. Kò bèèrè ohun tó ṣe é. Ó rọra jókòó sórí àpótí.

"Ẹtu ni mo pè é. Koríko mì, mo yìn ín. Àfi igbe èèyàn." Ó ń ka tèsùbáà rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Fàsásì ò ṣáà kú. Wọn ò sì ní pa Múrítàlá. Á lọ, á bọ̀."

"Ẹnu mi lẹ fi ṣe é."

"Ta ni wọn ìbá gbà gbọ́? Èmi?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Fọ̀ ọ́, jàre. Omi ti gbóná."

Ìdíátù dìde. Ó gbé ìkòkò náà, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sórí igi tó ń jó. Iná kú fíì. Eérú fò bo aṣọ funfun tí Ọ̀ṣẹ́nì wọ̀ kírun. Ó ti àkísà dúdú náà padà sínú ìbọn, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì jáde.

"Ìdíátù! Ọmọ ìyá rẹ ni mí o!"

Kò wẹ̀yìn.

Ọ̀nà Èbúté-Mẹ́ta jìn, ìbọn náà sì wúwo ju bó ṣe ń wúwo lọ. Láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀, ìbọn kankan kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìfọ̀. Ó ń to ohun tí yóò sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Kì í ṣe orúkọ Ọ̀ṣẹ́nì ni yóò kọ́kọ́ jáde. Yóò kọ́kọ́ sọ pé òun jẹ́rìí sí ohun tí òun kò rí.

Ó rántí aláǹgbá tó fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ó gbé ìbọn bọ́ sí èjìká kejì. Nínú gbogbo àwọn tó lanu sọ̀rọ̀ níwájú baálẹ̀ láàárọ̀, ọ̀lẹ yẹn nìkan ló sọ òtítọ́.