Itọ́ Kàfáyàt

Yésúfù tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ń wá kòkòrò ikọ́ ife nínú ohun tí Kàfáyàt, ìyàwó rẹ̀, tu sínú agolo. Pupa ni aró máa ń sọ kòkòrò náà, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Kò rí ọ̀kan. Bí kò bá sí, Kàfáyàt yóò padà sílé wọn ní New Town, ní Banjul.

Ó tún agolo náà wò. Itọ́ lásán ni.

Ó lọ bá a ní wọ́ọ̀dù. "Ìyá Mùtíàt, o ò wúkọ́ dénú."

"Ilé ló ń wù mí, Bàbá Mùtíàt. Àbí kò wù yín?"

"Ó wù mí. Ibùsùn yẹn ti fẹ̀ jù. Wúkọ́."

Ó wúkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kòkòrò pupa pọ̀. Yésúfù kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dá rìn lọ sílé.