Awọ Àgùntàn Àgbàsìn

...kí ló wá dé tí Bàbá Àdìsá ò sọ̀rọ̀? Gbogbo ará Ìpara ń pè wọ́n lólè. Alhaji Oyèkọ́lá tó gbé àgùntàn fún wọn sìn ń pè wọ́n lólè níṣojú ìyàwó wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ta ni ò mọ òfin àgbàsìn? Bá mi sìn ín, tó bá bímọ, ká pín in. Tó bá kú, mú awọ ẹ̀ wá tòun ti etí, kí n rí àmì mi. Láìsí awọ, o ti tà á láàyè nìyẹn. "Awọ ẹ̀ dà?" Ohun tí Alhaji ń bèèrè ṣáá nìyẹn. Awọ ẹ̀ dà...

Òun nìyí lórí itan mi. Mò ń rán etí ẹ̀ yíká — rárá, kò létí mọ́. Mo ti gé e sọnù. Ta ló ń fẹ́ etí lára awọ ìkírun?

Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. "Bàbá, ẹ má kó awọ fún àwọn alágbàtà mọ́. Ẹ máa kó o wá fún mi tààrà, kí iṣẹ́ daran-daran yín lè bọ́ yín." Mo rò pé oore ni. Igún ṣoore, igún pá lórí — orí tèmi kọ́ ló wá pá.

Wọ́n sì sọ fún mi o. "Raqeebah, àrùn ló pa èyí. N ò rí i dúńbú." Mo ní kò séwu, ẹ gbé e wá.

Òkúǹbete ni, tẹ́nikẹ́ni ò ní fẹ́ kírun lórí awọ ẹ̀. Kàdíjátù, oníbàárà tí mò ń rán an fún, bi mí kó tó sanwó ẹ̀: ṣé wọ́n dúńbú ẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni...

Lẹ́yìn Jímọ̀ ni Alhaji máa kó ìyókù agbo. Kí ni àgbàlagbà tó ń da àgùntàn láti kékeré máa wá jí ṣe láàárọ̀? Ká ní wọ́n kàn lè sọ pé Raqeebah ló rà á. Ó tán. Kí ló ń dí wọn lẹ́nu —

Tí wọ́n bá dárúkọ mi, ta ló tún máa forí kanlẹ̀ lórí awọ mi ní gbogbo Ṣàgámù?

Wọ́n mọ̀. Tìtorí mi ni wọ́n ṣe ń wolẹ̀.

Èmi náà... láti àárọ̀ tí mo ti ń bínú pé wọn ò sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi, n ò dìde lọ sí Ìpara. Irọ́ ni mò ń pa. N ò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀.